Wọ́n Bi Mí ní Libreville Pé Ta Ni Obìnrin Inú Ìwé Mi

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé epo bẹntiróòlù ń sun jáde nínú ilẹ̀ ní Gàbọ́n, àti bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ń jẹ ọ̀nì. N kò rí èkíní. Èkejì, wọ́n gbé e síwájú mi, mo ní mo ti yó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí epo tàbí ọ̀nì ni mo ṣe lọ. Ìwé ló gbé mi débẹ̀.

Àwọn kan nínú yín mọ ìwé náà. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo jókòó, mo kọ ìtàn-àròsọ kan tí mo pè ní Ilé Àtùpà ní Ẹ̀bádò. Ìlú kan ni tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀, níbi tí àtùpà ti ń sọ̀rọ̀, tí ìkùukùu sì máa ń wọlé wá yáná. Obìnrin atukọ̀ kan wà níbẹ̀, obìnrin alásè kan sì wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn bí tọkọtaya ṣe ń fẹ́ràn ara wọn, wọ́n sì ṣí ilé kan fún àwọn arìnrìn-àjò tí ó ti rẹ̀. Kò sí ogun nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú. Wàhálà tó le jù níbẹ̀ ni ti òrùlé tó ń jò. Ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Mà, ọkùnrin wọn dà?"

Mo fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí Morẹ́nikẹ́ ní Libreville. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ gbé yàrá kan náà fún ọdún méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ó fẹ́ awọnlẹ̀ kan, ó bá a lọ sí Gàbọ́n, ọkọ kú, kò sì padà wálé. Ìjọ rẹ̀ fi í ṣe olùtọ́jú ilé àlejò wọn ní àdúgbò Charbonnages, inú ilé náà ló sì ń gbé. Láti ìgbà tó ti lọ, kò sí oṣù tí lẹ́tà rẹ̀ kì í dé. Mo fi ìwé ránṣẹ́, lẹ́tà dúró. Oṣù méje gbáko! Ẹni tó bá ti jẹ́ olùkọ́ rí kì í gbà pé ọmọ dákẹ́ láìnídìí.

Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkàwé ìjọ náà kọ̀wé sí mi pé kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìwé mi. Morẹ́nikẹ́ kò fọwọ́ sí i, wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ara fu mí, mo sì lọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ìwé yìí ti jẹ́ kí n pàdánù rẹ̀?

Ẹnu ọ̀nà

Ọdún tí wọ́n gé iye owó sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, sí méjì ni mo dé Libreville. Ojú àwọn ènìyàn le. Ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú bá ìwé mẹ́wàá nínú àpótí mi, ó gbé ọ̀kan sókè. Àwòrán obìnrin méjì ló wà lára rẹ̀, àtùpà wà láàárín wọn.

"C'est quoi, ça?"

Mo fi ìwọ̀nba Faransé tí mo kọ́ nílé-ìwé sọ fún un pé ìtàn ni.

"Politique?"

Mo ní rárá. Ó ṣí i, ó wo àwọn àmì orí ọ̀rọ̀ wa títí bí ẹni pé ẹnìkan fi wọ́n pa àṣírí mọ́. Ó bi mí bóyá àwọn obìnrin yìí ń bá ìjọba jà. Mo ní ọbẹ̀ ni wọ́n ń sè. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti ẹyọ kan sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí n máa lọ. Bóyá òun náà wà lára àwọn òǹkàwé mi, n kò lè sọ.

Mo ń wo ojú gbogbo ènìyàn níta. Kì í ṣe Morẹ́nikẹ́ ló wá. Obìnrin kan tó ti tó ẹni ogójì ọdún ló kúnlẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní òun ni Fọlákẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Sister Morẹ́nikẹ́ ní ká kí yín, wọ́n ní iṣẹ́ ni ò jẹ́ káwọn lè wá."

"Iṣẹ́ wo?"

"Iṣẹ́ ilé, mà."

"Ilé àlejò yẹn náà kọ́ ni mo máa dé sí?"

"Wọ́n ń kùn ún lọ́dà, mà. Ọ̀dọ̀ wa ní àdúgbò Kalikak lẹ máa dé sí."

Bí a ti ń gba Charbonnages kọjá, mo ní kó fi ilé náà hàn mí. Ilé funfun kan ni, fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo yọ imú síta. Òórùn òkun ni mo gbọ́, mo gbọ́ òórùn ẹja yíyan, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ òórùn ọ̀dà. Mo fi í sínú.

Kalikak

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń wọ tasín níbẹ̀. Ẹ ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ọkọ̀ á rọra bọ̀, ẹ ó pariwo ibi tí ẹ ń lọ àti iye tí ẹ fẹ́ san. Bí ó bá tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, á fọn fèrè, ẹ ó wọlé. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á wakọ̀ lọ ní tirẹ̀, kò ní dá yín lóhùn. Ní ọjọ́ kìíní, awakọ̀ mẹ́fà ló ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé wọ́n mọ̀ mí sí àjèjì ni, àfi ìgbà tí mo rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ kan tó wọ kóòtù. Ara wá tù mí díẹ̀.

Àmọ́ àjèjì ni wá lóòótọ́, wọn kò sì jẹ́ ká gbàgbé. Búrẹ́dì wọ́n, oògùn wọ́n, ìrẹsì wọ́n, àwọn ènìyàn á sì dúró níwájú ìsọ̀ ará ìlú òkèèrè, wọn á máa wò ó bí ẹni pé òun ló fi abẹ gé owó náà. Onísọ̀ náà á máa wò wọ́n pẹ̀lú, bóyá wọ́n fẹ́ jí nǹkan. Gbogbo ìlú ló ń ṣọ́ ara wọn.

Ilé Fọlákẹ́ kéré, ó mọ́. Òun jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkọ rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ agégẹdú kan. Ó fún mi ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, òun àti ọkọ sì sùn sí pálọ̀. Àwọn ọmọ wọn jáde wá, wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n kí mi bí ìyá àgbà: "Bonjour, Mémé." Ìyá wọn figbe ta: "Ẹ kí Màmá dáadáa! À genoux, kíá!" Wọ́n bá kúnlẹ̀, wọ́n tún ní "Bonjour, Mémé." Ẹ̀rín pa mí.

Obìnrin onílẹ̀ kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn kí mi ní "Mbolo, maman," ó gbé abọ́ èso kan wá, aláwọ̀ àlùkò, tí wọ́n ń pè ní atanga. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń mú un rọ̀, wọ́n á fi iyọ̀ sí i. Mo jẹ́ kí Fọlákẹ́ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ná. Ó kan díẹ̀, ó sì lọ́ràá, ní ọjọ́ kẹta èmi ni mò ń béèrè rẹ̀. Wọ́n tún se ọbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní odika, wọ́n ní n kò lè mọ ohun tí wọ́n fi sè é. Mo fi ahọ́n kàn án, mo ní apọ̀n ni. Apọ̀n wa náà ni, wọ́n kàn yan án, wọ́n gún un, wọ́n mọ ọ́n bí ọṣẹ ni.

Wọ́n ń tọ́jú mi, ara mi kò sì balẹ̀. Bí mo bá ní ká lọ sí Charbonnages, Fọlákẹ́ á ní, "Ó di Sunday, mà." Òun àti ọkọ rẹ̀ á máa sọ Faransé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní kíṣìnì, mo bá wọlé, wọ́n á dákẹ́. Mo mọ kíláàsì tó bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Alhaja

Fọlákẹ́ ló mú mi lọ sí ọjà Mont-Bouët ní ọjọ́ Jímọ̀ láti kí Alhaja Sàlámọ̀, ọmọ Ìlọrin tó ń ta aṣọ. Ó ti ka ìwé mi, tàbí kí n kúkú ní ọmọbìnrin rẹ̀ kà á sí i létí nínú ìsọ̀. Ó fún mi ní àga, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Olùkọ́, ìwé yín dùn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mi ò gbà gbọ́."

Mo ti mọ ibẹ̀, mo sì múra sílẹ̀.

"Àwọn obìnrin méjì yẹn ń fún àlejò lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí ewé àkọ́kọ́ dé ìparí. Níbo ni wọ́n ti ń rí ọjà rà?"

"Ti ìfẹ́ wọn ńkọ́, Alhaja?"

"Ẹ̀sìn mi ò fara mọ́ ọn, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ níbi tí òrùlé ti jò, tí atukọ̀ fi ara rẹ̀ bo ìkòkò kí omi má bàa wọ ọbẹ̀ ẹnìkejì, mo sunkún. Ọmọ mi ń wò mí." Ó fa etí aṣọ kan tọ́. "Ẹ̀yin oníwèé, ẹ máa ń fi ènìyàn pamọ́ sínú ìwé bí ẹni da agbọ̀n bo adìẹ. Ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa hàn."

Mo wo Fọlákẹ́. Fọlákẹ́ ń wo aṣọ. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí oúnjẹ wọlé fún mi ní ọjọ́ náà.

Ohun tí wọ́n kọ

Àṣà kan wà láàárín àwọn ará wa níbẹ̀. Ìwé Yorùbá ṣọ̀wọ́n, pàápàá láti ìgbà tí owó ti bàjẹ́, nítorí náà ẹyọ kan ṣoṣo, irú èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí Morẹ́nikẹ́, ni gbogbo ẹgbẹ́ ń kà. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ọ̀sẹ̀ kan fún ilé kan, ìwé àjákọ kan sì máa ń bá a rìn nínú ọ̀rá kan náà. Ẹni tó bá kà á tán gbọ́dọ̀ kọ èrò rẹ̀ kó tó gbé e fún ẹlòmíràn. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ kíka Yorùbá, nítorí náà wọ́n ń wá ẹ̀kọ́ inú ìtàn mi bí ẹni ń wá ẹ̀kọ́ inú òwe Jésù.

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń béèrè ìwé àjákọ yìí. Fọlákẹ́ ní ó wà lọ́dọ̀ ẹnìkan. Ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tó lọ síbi iṣẹ́, mo wá a nínú ilé rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dára, mo sì wá a. Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ti bá a. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí mo kà:

"Oṣù tí wọ́n dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni ìwé yìí kàn mí. Ilé àtùpà yẹn nìkan ni ibi tí mo wọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ owó sí mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ tó kọ ọ́."

"Kò sí àtùpà tó ń sọ̀rọ̀ nínú Bíbélì. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ nídìí."

"Mo rò pé atukọ̀ yóò di ọkùnrin ní ìparí. Mo dúró títí. Kò di ọkùnrin."

"Mo ti ní kí ìyàwó mi má kà á. Èmi ti kà á tán."

"C'est trop mignon, ó wuni jù! Ìgbà wo la máa rí apá kejì?"

"Ẹ̀kọ́: Obìnrin méjì kò gbọdọ̀ gbé bí tọkọtaya." Ẹlòmíràn sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gègé pupa: "Ẹ̀kọ́: Ẹ tètè máa tún òrùlé ṣe."

Mò ń rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Ẹni tó kọ ibẹ̀ kò fi orúkọ sí i:

"Alásè inú ìwé yìí máa ń fi igi ewé so mọ́ínmọ́ín pọ̀ ní méjì-méjì. Ó máa ń sọ pé, 'Ọ̀kan ò ní jẹ́ kí èkejì tutù.' Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń so ó bẹ́ẹ̀, tó sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ la ti ń gbà á lẹ́yìn ìsìn. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ gbọ́ o."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mò ń kọ ìwé náà, mo ti pààrọ̀ orúkọ Morẹ́nikẹ́, mo fi kún gíga rẹ̀, mo fún un ní irun tó ń yí àwọ̀ padà bí omi bá kún odò. Mo ro ohun gbogbo, n kò ro ti mọ́ínmọ́ín. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń so méjì pọ̀, á gbé e lé mi lọ́wọ́, á sọ gbólóhùn yẹn. Mo rò pé èmi nìkan ló ń sọ ọ́ fún. Kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe ewu tí mo kó o sí ló kọ́kọ́ dùn mí. Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí ni pé gbogbo ìjọ ló ń sọ ọ́ fún.

Nígbà tí Fọlákẹ́ dé, ó bá mi pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Kò bínú. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀.

"Fọlákẹ́, kí ni ìgbìmọ̀ fẹ́ fi Morẹ́nikẹ́ ṣe?"

"Màmá, owó ti ṣubú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa dín òṣìṣẹ́ kù."

"Ìwé mi ni wọ́n fẹ́ fi lé e jáde, àbí? Ìdí nìyẹn tí ẹ fi pè mí wá, kí n lè fi ẹnu ara mi jẹ́rìí sí i?"

Omi lé sójú rẹ̀. "Mi ò lè sọ nǹkan kan, mà, mo ti ṣèlérí. Ohun tí wọ́n bá bi yín lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà dáhùn bó ṣe rí."

Mo ní nínú ọkàn mi pé ìdẹkùn gan-an nìyí.

Ọjọ́ ìsinmi

Ìlà tó kẹ́yìn ni Morẹ́nikẹ́ jókòó sí. Ó ti tín-ín-rín, orí rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n mo mọ ọrùn rẹ̀ kó tó yíjú. Ó di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn ìsìn, kò tètè fi í sílẹ̀.

"Ó pẹ́ o, Títí."

"Ó pẹ́."

Ohun tí a rí sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó béèrè ìdí rẹ̀.

Wọ́n to àga. Wọ́n bi mí bóyá ìkùukùu lè yáná lóòótọ́, wọ́n bi mí bóyá èmi náà lọ́kọ. Mo dáhùn. Nígbà tó yá, Alàgbà kan dìde, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Olùkọ́, a dúpẹ́ o. Obìnrin alásè yìí, ta ni? Ṣé ẹni tí a mọ̀ ni?"

Mo wo ẹ̀yìn. Morẹ́nikẹ́ ti gbé orí sókè, ó ń wò mí tààrà, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Mo rò pé ó ń bẹ̀ mí pé kí n gba òun ni. Mo ro ilé funfun yẹn, mo ro obìnrin arúgbó tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta ní ìlú onílùú.

Mo ní, "Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo hùmọ̀ rẹ̀ ni. Ní ti mọ́ínmọ́ín, ìyá mi ló máa ń so ó bẹ́ẹ̀. N kò mọ ẹnikẹ́ni níbí tó jọ ọ́."

Irọ́ náà yọ̀ lẹ́nu mi. Mo rí i bí èjìká gbogbo wọn ṣe rọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ti sọ̀rọ̀ òdì sí ìwé náà gan-an ló kọ́kọ́ wá ní kí n fọwọ́ sí i fún àwọn. Nígbà tí mo tún wo ẹ̀yìn, Morẹ́nikẹ́ ń to àga jọ.

Okala

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ló wá sí Kalikak. "Dìde, jẹ́ ká lọ." Ó kígbe "Okala!" sí tasín, awakọ̀ fọn fèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú mi dùn lọ́nà gbogbo. Mo ti gbà á là, mo sì jókòó tì í.

Okala wà ní etí ìlú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé tuntun sáàárín igbó. Ó mú mi dé ilé búlọ́ọ̀kù kan, yàrá méjì. Ọ̀kan ní òrùlé. Èkejì kò ní. Àpótí rẹ̀ àti àwọn ìkòkò rẹ̀ wà nínú èyí tó ní òrùlé.

"Ta ló ni ibí?"

"Èmi ni. Mo ti fi iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó dé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó kúrò nínú ilé wọn díẹ̀díẹ̀."

Mo ní, "Ọ̀dà ńkọ́?"

"Ó dìgbà tí mo bá kó ẹrù tán kí wọ́n tó lè kùn ún. Lánàá òde yìí ni mo kó tán. Èmi ni mo ní kí Fọlákẹ́ kọ̀wé pè ọ́. Èmi náà ni mo ní kó má sọ nǹkan kan."

"Kí ló dé tí ìwọ fúnra rẹ kò kọ̀wé?"

"Mo kọ ọ́ léraléra, mo sì ń ya á. Ohun tó wà nínú ìwé rẹ, o kò sọ ọ́ sí mi létí rí, Títí. Ọdún méjì nínú yàrá kan, gbogbo ọdún tí a fi ń kọ lẹ́tà, o kò sọ ọ́. Mo ní, jẹ́ kí n kúrò nínú ilé wọn ná, kó má sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́wọ́ mi. Tí wọ́n bá wá bi Títí, yóò sọ ọ́."

"Mo fẹ́ dáàbò bò ọ́ ni."

"Lọ́wọ́ ta ni? Ṣé o rò pé wọn ò mọ̀ ni? Láti ìgbà tí wọ́n ti kà á ni wọ́n ti mọ̀. Wọ́n bi ọ́ kí o lè sẹ́, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. O sì ṣe é fún wọn. Mo jókòó níbẹ̀, mo gbọ́ ọ nígbà tí o ní o kò mọ̀ mí."

Ojú tì mí. Mo ti fura sí gbogbo ènìyàn láti pápákọ̀ òfuurufú dé ibẹ̀, mo fura sí Fọlákẹ́ tó gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún mi, tí ó sì bẹ̀ mí pé kí n sọ òtítọ́. Èmi ni mo parọ́.

Mo wá sọ ọ́ fún un. Mo sọ ọ́ láìfi àtùpà kún un, láìfi odò kún un, bí ìfẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe mí láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọ ogún ọdún. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù láti sọ ọ́ fún èmi nìkan."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Tí o bá délé, sọ fún wọn."

Mo ti délé. Mo ti sọ ti tasín fún yín, mo ti sọ ti atanga àti ti ọ̀nì. Ohun tí mo jókòó láti kọ gan-an nìyí: obìnrin alásè inú Ilé Àtùpà ní Ẹ̀bádò, Morẹ́nikẹ́ ni. Atukọ̀ náà, èmi Títílọlá ni. Ẹni tó bá fẹ́ dá ìwé náà padà, mi ò kó kúrò nílé mi. Kó gbé e wá.